Kí Ló Dé Tí Kò Fi Kúrò Níbẹ̀? Ohun Tí Ìyà Inú Ilé Ọkọ Ń Ṣe fún Ọpọlọ Obìnrin

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2022, ìròyìn jáde láti Àbújá pé Osinachi Nwachukwu ti kú. Olórin ẹ̀mí ni, ẹni ọdún 42. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Yorùbá ló ń kọ orin rẹ̀ bí wọn ò tiẹ̀ gbọ́ Ígbò. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kiri ni pé jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló pa á. Kò pẹ́ táwọn ẹbí rẹ̀ àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi la ẹnu: wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ ìyà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ọlọ́pàá mú ọkọ náà, ìjọba sì fi ẹ̀sùn 23 kàn án nílé ẹjọ́. Ẹlẹ́rìí 17 ni ìjọba pè, ọmọ olóògbé wà lára wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga ìlú Àbújá dá a lẹ́bi ikú ìyàwó rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n yẹgi fún un.

Bí ẹjọ́ náà ṣe ń lọ lọ́wọ́, ìbéèrè kan gba orí Facebook àti WhatsApp kan ju ẹjọ́ gan-an lọ: kí ló dé tí kò fi kúrò níbẹ̀? Gbajúmọ̀ ni, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ìyá, ó ní ìbejì tí wọ́n jọ wáyé. Títí di òní, bí fídíò obìnrin mìíràn tí ojú rẹ̀ wú bá ti jáde, ìbéèrè yẹn náà ni yóò tẹ̀lé e. Àwọn kan ń béèrè torí àánú, àwọn mìíràn ń fi dá obìnrin lẹ́bi. Ìdáhùn wà fún un, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sì hàn lójú, torí pé inú ọpọlọ ló wà.

## Ṣé ó dìgbà tí ọkọ bá na aya rẹ̀ kó tó di ìlòkulò?

Rárá. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ọmọ ènìyàn, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí VAPP, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Abala 19 rẹ̀ dá lórí lílu ọkọ tàbí aya, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún mẹ́ta. Abala 14 kò mẹ́nu kan lílù rárá: èébú, ìhàlẹ̀ àti ìbanilọ́kànjẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí owó ìtanràn tí kò ju 200,000 náírà lọ, tàbí méjèèjì. Kí ènìyàn dí ẹnì kejì lọ́wọ́ láti ní owó ara rẹ̀, tàbí kó gé e kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni nínú òfin yẹn. Àbújá ni òfin náà dé tààrà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, Èkó ti ní òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá nínú ilé láti ọdún 2007, Èkìtì láti 2011.

Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi bí nǹkan ṣe rí hàn. Nínú obìnrin 100 tó ti ní ọkọ rí, 36 ló sọ pé ọkọ ti fìyà jẹ àwọn lọ́nà kan tàbí òmíràn. Àwọn tí ọkọ lù jẹ́ 19. Àwọn tí ọkọ fipá bá lò pọ̀ jẹ́ 7. Àwọn tí ọkọ fi ẹnu àti ìwà pa lára jẹ́ 32. Ẹlòmíràn rí ju ọ̀kan lọ nínú wọn. Lórí èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ohun tí wọ́n bi àwọn obìnrin kò ju mẹ́ta lọ: ṣé ọkọ yín ti dójú tì yín láàárín èrò rí, ṣé ó ti halẹ̀ pé òun á ṣe yín léṣe tàbí pé òun á ṣe ẹni yín léṣe, ṣé ó ti bú yín débi pé ẹ fojú kéré ara yín? Èyí tí kò ní àpá ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òun náà sì ni fídíò kì í ká.

Bó ṣe máa ń dún nílé wa nìyí: "Ta ni yóò tún fẹ́ ọ lẹ́yìn mi?" "Wo bó o ṣe rí." "Ìwọ àti ìyá rẹ, ìwà kan náà ni." Ọkọ gba káàdì ATM, ó ń ka owó ọbẹ̀ fún un bí ọmọdé. Ó ń yẹ fóònù rẹ̀ wò lóru. Ọ̀rẹ́ tó bá wá kí i, ọkọ á sọ ọ́ di ọ̀tá. Bó bá ní, "O bú mi lánàá níwájú àwọn àlejò," á ní, "Ìgbà wo? Orí rẹ ti ń yí ni." Èyí tó gbẹ̀yìn yìí làwọn ọ̀dọ́ ń pè ní gaslighting: kí wọ́n máa sọ fún ọ pé ohun tí ojú rẹ rí kò ṣẹlẹ̀, títí ìwọ náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì ara rẹ.

Àwọn ilẹ̀ kan ti sọ gbogbo rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo. Ní England àti Wales, láti ìparí ọdún 2015, ẹni tó bá ń ṣàkóso ìgbésí ayé ẹnì kejì rẹ̀ lọ́nà báyìí lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, bí kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án rí. Ó kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀, pàápàá obìnrin tó fi ìwé ọkọ wọ ìlú. "Mo máa ní kí wọ́n dá ọ padà sílé" jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń pa ẹnu obìnrin mọ́. Ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún kì í sábà mọ̀ pé òfin ìwọ̀lú Britain àti ti Amẹ́ríkà ní ọ̀nà tí ìyàwó tó ń jìyà lè gbà tọrọ ìwé fúnra rẹ̀.

## Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ẹni tó ń fi ẹ̀rù gbélé?

Ẹ jẹ́ ká wo ilé kan ní aago méje alẹ́. Hóònù dún lẹ́nu géètì. Kí mẹ́gáàdì tó dìde, àyà obìnrin tó wà ní ilé ìdáná ti já. Ó ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín dákẹ́ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a wí. Ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò, ó dé e, ó tún ṣí i. Ó nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Etí rẹ̀ wà níta: ó ń tẹ́tí sí bí ilẹ̀kùn mọ́tò yóò ṣe dún. Bí ọkọ bá rọra tì í, alẹ́ yóò tutù. Bó bá gbá a, kí kálukú wá ibi ìsápamọ́ sí.

Ó lè jẹ́ pé ọkọ wọlé, ó jẹun, ó sùn. Kò sẹ́ni tí wọ́n nà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀, ara obìnrin náà ti ṣe gbogbo ohun tí ara ń ṣe nígbà tí ejò bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Ọpọlọ ní ibì kan tó ń ṣọ́ ewu, amygdala ni orúkọ rẹ̀. Bó bá ti rí ewu, á rán àwọn oje bíi adrenaline àti cortisol jáde, àyà á máa lù kìkì, iṣan á le, ojú á là. Ohun ìṣẹ́jú díẹ̀ ni: kí o sá, tàbí kí o jà, kó sì tán. Ti ẹni tó ń bá ohun tó ń bà á lẹ́rù sùn lórí ibùsùn kan náà kì í tán. Aago ìkìlọ̀ ń dún lọ́sàn-án, ó ń dún lóru, fún ọdún márùn-ún, fún ọdún mẹ́wàá.

Ìgbà yẹn ni nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Oorun á sá. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, á fò sókè. Ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Á máa gbàgbé nǹkan, á gbé omi kaná kó gbàgbé rẹ̀ sórí iná. Bí o bá bi í pé kí ló fẹ́ jẹ, á ní "ohun tí ẹ bá ní." Àwọn ará ilé rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí yíyan nǹkan fúnra rẹ̀ ti máa ń kó o sí wàhálà, kò wá mọ ohun tó ń fẹ́ mọ́.

Ibi tó ń kó ìrántí jọ sí létòlétò, hippocampus, kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lábẹ́ ẹ̀rù ńlá. Ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí lè rántí òórùn ọtí tó wà lẹ́nu ọkọ, kó rántí àwọ̀ bùbá tó wọ̀, kó má rántí bóyá ọjọ́ Ẹtì ni tàbí Sátidé. Ẹ wo irú obìnrin bẹ́ẹ̀ níwájú tábìlì ọlọ́pàá: "Ẹ ti ní Sátidé tẹ́lẹ̀, ẹ tún ní Friday. Èwo la fẹ́ kọ?" Wọ́n kà á sí irọ́. Ìpalára tó gbé obìnrin náà wá sí àgọ́ ọlọ́pàá ló sọ ọ́ di onírọ́ níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó yẹ kí aráàlú mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo rò pé èyí ló ṣe pàtàkì jù.

Àwọn tún wà tí wọn kì í sá, tí wọn kì í jà. Ara á kàn le gbagidi, ohùn ò ní jáde. Ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà àbáyọ kò bá sí. Kì í ṣe pé obìnrin náà gbà fún un.

## Kí ni wọ́n ń pe àìsàn náà? Ṣé ọdẹ orí ni?

Ní ilé ìwòsàn tó wà ládùúgbò, obìnrin kì í sábà wọlé kó ní "inú mi bàjẹ́." Á ní orí ń fọ́ òun. Á ní nǹkan ń rìn lórí òun bí èèrà, etí òun ń hó, àyà òun ń já, ara òun gbóná lálẹ́. Ní 1987, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Roger Makanjuola kọ̀wé lórí àwọn aláìsàn Yorùbá tó ń sọ irú nǹkan báyìí, tí àwọn fúnra wọn ń pè é ní ọdẹ orí. Nígbà tó yẹ̀ wọ́n wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí ìpayà ló ń bá wọn fínra. Kì í ṣe gbogbo ọdẹ orí ló wá láti ilé ọkọ o. Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ ni pé ara ni ìbànújẹ́ ń gbà sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nọ́ọ̀sì yẹ ibà wò, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó fún un ní Paracetamol. Oṣù tó ń bọ̀, obìnrin kan náà tún padà dé.

Orúkọ mẹ́ta ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn dókítà ọpọlọ. Èkíní ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: ohun tó máa ń dùn mọ́ni kò dùn mọ́, oúnjẹ ò wọlé, ara ò gbé iṣẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ní 2013 pé obìnrin tí ọkọ tàbí olólùfẹ́ ń hùwà ipá sí fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì ewu rẹ̀ ju ẹni tí kò rí irú rẹ̀. Èkejì ni PTSD, àìsàn tí ohun tó bani lẹ́rù gan-an máa ń fi sílẹ̀ lọ́kàn: ohun tó ti kọjá ń padà wá lójú àlá àti lójú mọ́mọ́, ẹni náà sì ń yàgò fún gbogbo ohun tó lè rán an létí. Ẹ̀kẹta ni PTSD alọ́pọ̀, tí àjọ ìlera àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú ìwé àìsàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ti ìyà tó pẹ́, tí kò sì rọrùn láti bọ́ nínú rẹ̀ ni. Lórí àmì PTSD, ẹni náà tún máa ń gbà pé òun kò níláárí, inú rẹ̀ á máa ru tàbí kó gbẹ pátápátá, á sì nira fún un láti fọkàn tán ẹnikẹ́ni.

Ó lè burú débi tí ikú á fi máa wù ú. Abala 327 nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún kan sì ni. Ìdí nìyẹn tí ẹbí fi máa ń sọ fún dókítà pé ṣe ló ṣèèṣì mu nǹkan.

Àwọn tó ń ran obìnrin lọ́wọ́ ò fẹnu kò lórí bóyá kí wọ́n máa pe èyí ní àìsàn ọpọlọ. Àwọn kan ní orúkọ náà léwu: tí obìnrin bá fi lè gba ìwé lọ́wọ́ dókítà ọpọlọ, ọkọ á gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù pé, "Ẹ wò ó, orí rẹ̀ kò pé, ẹ gbé ọmọ fún mi." Wọ́n tún ní ọkùnrin tó ń na ènìyàn ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹni tí wọ́n nà. Àwọn dókítà dá wọn lóhùn pé ẹni tí kò bá ní orúkọ fún ohun tó ń ṣe é kò lè gba ìtọ́jú, àti pé ìwé kan náà lè jẹ́ ẹ̀rí fún un pé nǹkan ṣe é lóòótọ́. Àwọn ìhà méjèèjì ti rí ohun tí wọ́n ń sọ yìí ṣẹlẹ̀.

## Bó bá jẹ́ pé ó fún un lọ́rùn ńkọ́?

Èyí yàtọ̀ sí ìbànújẹ́, torí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń farapa. Bí wọ́n bá fún ènìyàn lọ́rùn, afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọpọlọ dáadáa, ó sì lè má sí àpá kankan lọ́rùn lọ́jọ́ kejì. Ohùn tó há, ọ̀fun tó ń dùn níbi gbígbé itọ́ mì, ojú tó pọ́n, ìgbàgbé, èébì àti òòyì: kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí wọ́n gbá lórí mọ́ ògiri náà ń kọ́? Bákan náà ni. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2008 fi hàn pé obìnrin tí ọkùnrin ti fún lọ́rùn rí wà nínú ewu pé kí ọkùnrin kan náà pa á ní ìlọ́po tó lé ní méje. "Ó kàn dì mí lọ́rùn mú ni" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

## Kí ló wá dé tí kò fi kúrò?

Àkọ́kọ́, torí pé kíkúrò gan-an lewu. Àwọn tó ń ṣèwádìí ikú obìnrin lọ́wọ́ ọkọ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti rí i pé ìgbà tó bá ń múra àtilọ, àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó bá lọ, wà lára àkókò tó burú jù. Obìnrin tó ń bá a gbé mọ èyí ju ẹni tó ń kọ̀wé lórí Facebook lọ. Nígbà mìíràn, dídúró rẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n tó fi ń gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là.

Owó wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ń jókòó sí, ọkọ ló san án. Tó bá ní òun fẹ́ gba yàrá kan, ohun tí onílé kọ́kọ́ máa ń bi í ni, "Ọkọ yín ńkọ́?" Tó bá ní òun nìkan ni, yàrá náà ti lọ.

Ìtìjú náà ńkọ́? Yorùbá ní orúkọ fún ọmọbìnrin tó kó ẹrù padà sílé bàbá rẹ̀: dálémoṣú. Kò sí orúkọ fún ọkùnrin tó lé e wálé. Ìyá tó bí i lè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó sì sọ lọ́jọ́ kẹta pé, "Bàbá rẹ ṣe jù bẹ́ẹ̀ fún mi, mo sì fara dà á torí tìẹ." Ẹ̀gbọ́n kan á pe ìpàdé ẹbí. Ọkọ á dọ̀bálẹ̀, á bẹ̀bẹ̀, á ra áńkárá tuntun. Ẹbí á ní kó máa lọ sílé ọkọ rẹ̀.

Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ní ipa tó ń kó lórí ọpọlọ. Ní 1979, onímọ̀ ọkàn ọmọ Amẹ́ríkà kan, Lenore Walker, to ohun tó ń yí bírí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ sí ìpele mẹ́ta: ìbínú á máa kórajọ, ìjà á bẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀bẹ̀ àti ìkẹ́ á dé. Kì í ṣe gbogbo ilé ló rí bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí ẹ̀bẹ̀ kì í wáyé rárá. Níbi tó bá sì wà, ìkẹ́ tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìgbà tó máa dé, máa ń so ọkàn mọ́ ènìyàn ju èyí tó ń wá lójoojúmọ́ lọ. Obìnrin náà kì í purọ́ nígbà tó bá ní òun ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin inú ìkẹ́ yẹn ló ń dúró dè.

Walker tún ní ìyà tó pẹ́ máa ń kọ́ obìnrin pé kò sóhun tí òun lè ṣe. Ẹ̀kọ́ yìí wá láti inú ìdánwò tí wọ́n fi ajá ṣe ní ọdún 1967: ajá tí wọ́n fi iná mànàmáná gún tí kò rí ọ̀nà sá, nígbà tí wọ́n wá fún un ní ọ̀nà àbáyọ, lọ́pọ̀ ìgbà kò gbìyànjú láti sá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà gbajúmọ̀ gan-an, àwọn agbẹjọ́rò sì lò ó láti gbèjà obìnrin tó pa ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1988 làwọn onímọ̀ mìíràn ti takò ó. Wọ́n ní àwọn obìnrin yìí kò jókòó kalẹ̀ rárá: wọ́n pe pásítọ̀, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n, wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn tí wọ́n sá tọ̀ ni kò ṣe nǹkan kan. Ìwádìí 2018 tiwa lọ́hùn-ún gbe ìhà méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Ó lé ní ìdajì nínú àwọn tó jẹ ìyà tí kò wá ìrànlọ́wọ́, tí wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn tó wá a, ẹbí ara wọn ni ọ̀pọ̀ jù sá tọ̀. Ìwọ̀nba kékeré ló lọ bá ọlọ́pàá.

Ẹ̀sìn náà ń dá sí i. Pásítọ̀ tó bá fẹ́ kó dúró á ka Málákì 2:16, pé Ọlọ́run kórìíra ìkọ̀sílẹ̀. Pásítọ̀ mìíràn á ní kó ka ẹsẹ náà dé ìparí, torí ẹsẹ kan náà ló dá ẹni tó ń fi ìwà ipá bora lẹ́bi. Láàárín àwọn àáfà, àríyànjiyàn wà lórí ẹsẹ 34 nínú Súrà An-Nisáà. Àwọn tó kọ̀ kí ọkọ lu aya máa ń tọ́ka sí ohun tí Áíṣà sọ, pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kò fọwọ́ lu obìnrin kankan rí. Wọ́n tún ń rán àwọn obìnrin létí pé Ṣàríà fún aya ní ọ̀nà láti tọrọ ìtúká ìgbéyàwó.

Ní ti ọmọ, ọ̀pọ̀ obìnrin ló gbà pé ọkọ ló ni wọ́n, àwọn kò sì ní rí wọn mọ́ láéláé. Bí ìgbéyàwó náà bá jẹ́ ti ìjọba, òfin ọdún 1970 lórí ìgbéyàwó sọ ní abala 71 pé ire ọmọ ni kí adájọ́ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ẹni tó bí i ní ọkùnrin.

## Bó bá dúró torí ọmọ, ṣé ọmọ náà wà láìléwu?

Ọmọ tó dákẹ́ nígbà tí hóònù dún ti fèsì. Ọpọlọ ọmọ tó ń gbọ́ ìjà lóru ń ṣe gbogbo ohun tí ti ìyá rẹ̀ ń ṣe, nígbà tí kò tíì gbó. Ìtọ̀ orí ibùsùn lè bẹ̀rẹ̀ padà, ẹ̀kọ́ ilé ìwé lè já, tàbí kó di ẹni tó ń na àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tó wà nínú oyún kò bọ́ níbẹ̀: ìwà ipá sí aboyún wà lára ohun tó ń mú kí ọmọ kéré nígbà ìbí, tó sì ń mú ìrẹ̀wẹ̀sì wá bá ìyá lẹ́yìn ìbímọ. Síbẹ̀, ìyá tó bá ní torí ọmọ lòun ṣe dúró kò purọ́. Owó ilé ìwé ló ń rò.

## Ṣé ó yẹ kí nọ́ọ̀sì máa bi gbogbo obìnrin léèrè?

Àwọn onímọ̀ ìlera kò ṣọ̀kan lórí èyí. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tó ń gba dókítà nímọ̀ràn lórí ìdènà àrùn ní kí wọ́n máa bi gbogbo obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ. Àjọ ìlera àgbáyé ní kì í ṣe gbogbo ènìyàn: kí wọ́n béèrè nígbà tí àmì bá wà, bí orí fífọ́ tí kò lọ, ìrẹ̀wẹ̀sì, tàbí ọgbẹ́ tí àlàyé rẹ̀ kò bára mu. Ìdí tí àjọ náà fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ìbéèrè tí kò ní ìrànlọ́wọ́ lẹ́yìn lè dá kún ewu. Ọkọ lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kọ́tìnì kan ló sì lè wà láàárín ibùsùn méjì.

Àjọ ìlera àgbáyé sọ ohun tí èèyàn á ṣe bí obìnrin bá ti sọ ọ́: kí a gbọ́ ọ láìdá a dúró, kí a bi í ní ohun tó nílò, kí a fi yé e pé a gbà á gbọ́ àti pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kí a bá a ronú lórí bí alẹ́ òní á ṣe rí, kí a sì so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Kò sí ọgbọ́n dókítà kankan nínú ìyẹn. Aládùúgbò lè ṣe é.

## Ṣé ọkùnrin kì í jìyà ni?

Wọ́n ń jìyà, òfin VAPP sì dáàbò bo ọkùnrin gẹ́gẹ́ bó ṣe dáàbò bo obìnrin. Ohun tó fa ìyàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ọgbẹ́ àti ikú. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2023, nínú gbogbo obìnrin tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa lágbàáyé, bí 60 nínú 100 ló kú sọ́wọ́ ọkọ, olólùfẹ́ tàbí ẹbí. Ti ọkùnrin jẹ́ bí 12 nínú 100.

## Ṣé ara ń yá lẹ́yìn rẹ̀, àti níbo ni ènìyàn lè lọ?

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ níbí ni ààbò. Àwọn kan ń pariwo pé kí obìnrin jáde lónìí olónìí. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ní kó múra kó tó jáde, àyàfi tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀: kí ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán, kó kó owó díẹ̀ pamọ́, kó há nọ́ńbà kan sórí torí wọ́n lè gba fóònù rẹ̀. Ní Èkó, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé, DSVA, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́: 08000 333 333. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, 112 tàbí 767. Kọ́ọ̀tù lè fún un ní ìwé ààbò tí kò ní jẹ́ kí ọkùnrin náà sún mọ́ ọn.

Ní ti ọpọlọ, ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta wà láti ọdún 1954, Yábà wà ní Èkó, UCH ní ẹ̀ka tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù kí aládùúgbò má gbọ́ pé wọ́n lọ sí Àró. Ẹni tó ń lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ tó sì ń padà sílé lọ́jọ́ náà pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 ló rọ́pò òfin wèrè tó wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà kò tó 300, èèyàn ìlú sì lé ní 200 mílíọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí agbaninímọ̀ràn lọ́pọ̀ ìgbà. Ìtọ́jú náà jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ tó létò, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, oògùn sì lè wà nínú rẹ̀ bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá pọ̀.

Ara ń yá, kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Oorun ló sábà máa ń kọ́kọ́ padà. Hóònù aládùúgbò á ṣì dún, àyà á ṣì já, àmọ́ á tètè wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan tí ẹlòmíràn ò ní kà sí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀: obìnrin náà dé ọjà, aláṣọ bi í pé àwọ̀ wo lẹ fẹ́, ó sì dáhùn.